Kí A Tó Ra Bọ́ọ̀dù Mìíràn fún Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́ wẹ́fíà bá àwọn ìdílé sọ ní ìpàdé òpin oṣù

 

Ìwé tí a fi pè yín sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni a ó sọ. A mọ̀ pé àwọn kan ti rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tilẹ̀ bi wá léèrè lọ́nà pé ṣé ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ti tán ni, tí wẹ́fíà fi wá ń sọ̀rọ̀ aṣọ fífọ̀ fún àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ kò tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rìn yí ká ibùdó yìí, láti ilé dé ilé, ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́kànlá ni a kà. Àwọn ọmọ yín tí wọ́n wà ní Àbújá, ní Èkó, àti ní òkè òkun ni wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ kí ìyá wọn lè sinmi. Nínú mọ́kànlá náà, márùn-ún ti di àga tí a ń gbé àpò àgbàdo lé. Bí ẹ bá sì bi àwọn tí ó ni wọ́n pé kí ni ó ṣe wọ́n, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn yóò sọ: "Wọ́n ní bọ́ọ̀dù rẹ̀ ti jóná."

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbí. A ti gba àṣẹ lẹ́nu ìyá tí ọ̀rọ̀ kàn kí a tó sọ ọ́, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ yín ni ó mọ̀ ọ́n. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá yìí ni dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ fọ aṣọ púpọ̀ mọ́, kò sì gbọdọ̀ gbé korobá omi. Oko kò ṣeé lọ fún un bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọmọ rẹ̀ wá ra ẹ̀rọ ìfọṣọ àlòkù kan fún un, irú èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà níwájú. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ aṣọ àwọn olùkọ́ àti aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì fún owó. Owó yìí ni ó fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ méjì tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan nínú oṣù Keje ọdún tí ó kọjá, ìjì jà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ kò tan mọ́. Ìyá wá bá wa. Àwa náà ni a júwe oníṣẹ́ kan fún un ní ìgboro, nítorí pé a ti rí pátákó ńlá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn. A ń sọ èyí nítorí pé kò yẹ kí a máa ka àṣìṣe yín síta kí a sì fi tiwa pamọ́.

Ọkùnrin náà dé, ó tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì, ó gbóòórùn ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ó ní bọ́ọ̀dù ni. Kò mú mítà dání. Ìyá ta àpò ẹ̀gúsí méjì, ó san owó. Wọ́n gbé bọ́ọ̀dù wá, wọ́n fi í sí i, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, inú gbogbo wa dùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó tún kú. Ọkùnrin náà ní bọ́ọ̀dù tí òun rà kò lágbára, pé kí ìyá wá owó èyí tí ó jẹ́ ojúlówó. Ìgbà yẹn ni ìyá padà wá sí ọ́fíìsì wa. Ẹ̀gúsí tí ó kù sílé kì í ṣe ti ọjà mọ́. Irúgbìn ọdún tí ń bọ̀ ni.

Bàbá kan wà ní ìlà kẹta ibùdó yìí tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ iná kí ó tó fẹ̀yìn tì. Òun ni a lọ bẹ̀. Bàbá gbé mítà rẹ̀, a jọ lọ. Kò tilẹ̀ ya ojú sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Ihò iná lára ògiri ni ó kọ́kọ́ lọ fi mítà sí. Iná tí ó yẹ kí ó wà ní 230, mítà ka 268. Ó ní kí a dúró di alẹ́, nígbà tí àwọn tí ó ń lọ ata àti àgbàdo bá ti pa ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí ó di agogo mẹ́jọ, mítà ka 310. Bàbá wá bi ìyá pé gílóòbù mélòó ni ó ti jó nínú oṣù yẹn. Ìyá ní mẹ́fà. Aládùúgbò rẹ̀ ní tòun jẹ́ mẹ́rin, ó sì fi kún un pé fáànù òun ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé.

Wáyà ìpadàbọ̀ tí ó wà lórí òpó, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní nútírà, ni ìjì ti tú. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Wáyà mẹ́ta ni ó ń gbé iná bọ̀ lórí òpó, a sì pín àwọn ilé sí ara mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wáyà kẹrin ni iná gbogbo ilé ń gbà padà. Bí wáyà kẹrin yìí bá já tàbí tí ó bá dẹ̀, iná ilé kan yóò máa wá ọ̀nà gba inú ilé mìíràn kọjá. Àwọn ilé tí ń lo iná púpọ̀ yóò rí i tí iná wọn ń ṣe bàìbàì. Àwọn tí kò tan ohun púpọ̀ ni iná yóò pọ̀ jù fún, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ ìfọṣọ kò lè fara da èyí. Méjèèjì tí ó kú nílé ìyá, àti ti àkọ́kọ́ àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀gúsí rà, ohun kan náà ni ó pa wọ́n, bí ìyá bá sì ta ẹ̀gúsí irúgbìn, ẹ̀kẹta náà ì bá kú ni.

Ohun kan tún wà tí ó mú kí ara wa bù máṣọ ní ọjọ́ yẹn. Bí a ti ń sọ̀rọ̀, ọmọ-ọmọ ìyá, ọmọ ọdún mẹ́jọ, sọ pé ẹ̀rọ náà máa ń ta òun lọ́wọ́ bí eèrà bí òun bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró tì í lórí sìmẹ́ǹtì tútù. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń sọ ọ́. Àwọn àgbàlagbà rò pé eré ọmọdé ni. Bàbá gbé orí wáyà, ó tú ihò ara ògiri, kò sí wáyà tí ó lọ sínú ilẹ̀ rárá. Ẹni tí ó wáyà ilé náà gé e kúrò láti fi dín owó kù. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sọ pé irin ń ta òun, yálà ti fíríìjì ni o, ti ẹ̀rọ ìfọṣọ ni o, ẹ yọ ọ́ lára iná lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè kejì. Omi àti iná kò sí níbi kan náà nínú ilé bíi ti inú ẹ̀rọ yìí.

Wàyí o, kí ni bọ́ọ̀dù yìí gan-an? Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe àáró. Ẹnì kan wà tí kò di ọkọ́ mú, òun ni ó ń sọ pé kí àwọn wọ̀nyí máa kọ ebè, kí àwọn wọ̀nyẹn máa gbé iṣu irúgbìn bọ̀. Bọ́ọ̀dù ni ẹni yẹn nínú ẹ̀rọ. Ó jẹ́ ohun pẹlẹbẹ kan, ó sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ilẹ̀, tí a to àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ sí lórí. Òun ni ó ń pàṣẹ kí omi wọlé, kí àgbá yí, kí omi gbóná, kí pọ́ǹpù da omi ìdọ̀tí nù. Bí olórí àáró bá ṣàìsàn, iṣẹ́ yóò dúró. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lè dúró pẹ̀lú nítorí pé ọkọ́ ẹnì kan ṣẹ́, tí olórí ń pariwo tí kò sí ẹni tí ó lè ṣe ohun tí ó wí. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tí kò ní mítà, olórí ni wọn yóò lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìwo ọkọ́ ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wo ọkọ́. Inú orí wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń kì bọ ara ògiri, fíúsì kékeré kan wà níbẹ̀. Ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, 13 ni a kọ sí i lára. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn sí i. Ẹ má fi ìṣó tàbí bébà sìgá rọ́pò rẹ̀, nítorí pé fíúsì yẹn ni ó yẹ kí ó kú dípò ilé yín. Ẹ ki nǹkan mìíràn tí ó dára bọ inú ihò iná kan náà kí ẹ lè mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀.

Bí iná bá wà lójú ẹ̀rọ ṣùgbọ́n tí omi kò wọlé, ẹ tú rọ́bà omi lẹ́yìn rẹ̀. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu ibẹ̀. Pẹ̀lú irú omi kànga tí a ń lò níhìn-ín, iyanrìn ni ẹ óò bá. Ẹ sì wo bí táǹkì yín ṣe ga tó. Omi tí ó ti ibi gíga mítà márùn-ún bọ̀ ni agbára rẹ̀ ń tó ìdajì báà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé tí ó bá ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí wá kò fẹ́ kí omi lágbára tí ó dín sí èyí púpọ̀. Ìdílé kan gbé kẹ́ẹ̀gì sórí àpótí, wọ́n so rọ́bà mọ́ ọn, wọ́n sì ní bọ́ọ̀dù ti bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan. Omi ni kò ní agbára láti wọlé.

Bí omi kò bá jáde, ẹ ṣí ìdérí kékeré ìsàlẹ̀ níwájú, ẹ gbé abọ́ síbẹ̀, kí ẹ yọ asẹ́ pọ́ǹpù. A ti bá bọ́tìnnì níbẹ̀, a ti bá píìnì irun, a sì bá ẹ̀wà tí ó ti hù nínú ti ìdílé kan, tí olóko gbàgbé sínú àpò ṣòkòtò. Bí ilẹ̀kùn kò bá dún kà nígbà tí ó yẹ kí ó ti ara rẹ̀ pa, àgbá kò ní yí láéláé, nítorí pé bọ́ọ̀dù kì í gbà kí àgbá yí bí ilẹ̀kùn kò bá tì. Bí àgbá kò bá yí ṣùgbọ́n tí ẹ ń gbọ́ ìró, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì ni ó yọ, tàbí kábọ̀n mọ́tọ̀ rẹ̀ ni ó ti jẹ tán. Ohun méjèèjì kò tó iye owó bọ́ọ̀dù. Eku ńkọ́? A kò gbọdọ̀ gbàgbé eku. Ilé àgbẹ̀ ni a wà. Ẹ̀rọ tí a gbé tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò àgbàdo, eku yóò wọ abẹ́ rẹ̀, yóò sì gé wáyà jẹ. Ọmọńlé náà a máa wọ inú bọ́ọ̀dù nítorí ìgbóná rẹ̀, a sì máa kú síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti pa òun àti bọ́ọ̀dù pọ̀.

Bí ẹ bá ti wo gbogbo èyí, tí ẹ̀rọ ṣì kú pátápátá bí iná tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí tí àgbá ń yí tí kò mọ ìgbà tí yóò dúró, tàbí tí ẹ ń gbóòórùn ohun tí ó jóná, nígbà náà ni a lè fura sí bọ́ọ̀dù. Nọ́ńbà tí ó máa ń hàn lójú ẹ̀rọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nọ́ńbà kan ṣoṣo dẹ́rù bà yín. Ohun tí ó túmọ̀ sí lára ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lára ti òmíràn.

Kí a tó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ẹ yọ orí wáyà kúrò lára ògiri. A kò sọ pé kí ẹ pa á. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ gbé orí wáyà náà síbi tí ojú yín ti lè rí i. Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé àwọn nǹkan kan wà lórí bọ́ọ̀dù tí ó ń fi iná pamọ́ bí ìkòkò ṣe ń fi omi pamọ́. Ẹ gbẹ ilẹ̀, ẹ wọ bàtà, ẹ lé àwọn ọmọdé síta. Ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú kí ó má dá a ṣe. Kí ó pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó sì dúró tì í kí ó lè rí ohun tí ó ń ṣe.

Ibi tí bọ́ọ̀dù wà kì í ṣe ọ̀kan náà nínú gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ní i lókè lẹ́yìn ibi tí a ń tẹ̀, àwọn mìíràn ní i nísàlẹ̀ lẹ́yìn, àwọn kan sì ní méjì, ọ̀kan fún àṣẹ àti ọ̀kan fún iná ojú rẹ̀. Nígbà tí Bàbá ṣí ti ìyá, ó fi ọwọ́ júwe nǹkan kékeré kan tí ó rí roboto, pẹlẹbẹ, bí ẹ̀wà sèsé, nítòsí ibi tí iná ti ń wọlé. Ó ti là sí méjì, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúdú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí iná bá pọ̀ jù, òun ni yóò kọ́kọ́ gba ọgbẹ́, fíúsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò sì já, kí ìyókù lè yè. Ẹ̀rí pé iná ni ó pa á nìyẹn. Ó sì tún túmọ̀ sí ohun kan tí ọkùnrin ìgboro kò sọ fún ìyá: pé oníṣẹ́ tí ó mọ bí a ṣe ń fi lẹ́ẹ̀dì lẹ nǹkan lè pààrọ̀ ohun roboto yẹn àti fíúsì rẹ̀ lásán, tí bọ́ọ̀dù yóò sì dìde. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni èyí máa ń ṣeé ṣe. Bí ibi tí ó jóná bá ti lu ihò sínú bọ́ọ̀dù, ẹ wá òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ bèèrè ná.

Bí ó bá di dandan kí ẹ ra òmíràn, ẹ má ṣe gbé orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan lọ sọ́jà. Ilé-iṣẹ́ kan náà lè ṣe oríṣi ẹ̀rọ púpọ̀ tí bọ́ọ̀dù wọn kò bára mu. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, bébà kan sábà máa ń wà létí ibẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ tí a kọ nọ́ńbà ẹ̀rọ sí. Nọ́ńbà mìíràn tún wà lára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Ẹ da méjèèjì kọ sínú ìwé, lẹ́tà àti nọ́ńbà, láìfo ọ̀kan, tàbí kí ọmọ yín fi fóònù ya fọ́tò wọn. Ẹ̀yin tí Haúsá tàbí Nupe yín kò tíì dán mọ́rán, ìwé yìí yóò gbà yín. Nọ́ńbà kò ní èdè. Bí ẹ bá ní ènìyàn ní Èkó, kí ó mú un lọ sí Alábà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n sì ń ta ara rẹ̀. Kí ẹ sì bèèrè bóyá bọ́ọ̀dù náà ti gba ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ yín. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ bí ọmọ tuntun, wọn kò mọ irú ẹ̀rọ tí wọn yóò darí títí a ó fi fi kọ̀ǹpútà kọ́ wọn. Bí wọ́n bá tà á fún yín láìkọ́ ọ, ẹ̀rọ kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rò pé wọ́n fi òkú bọ́ọ̀dù jì yín.

Kí a tó yọ èyí tí ó wà níbẹ̀, fọ́tò ni àkọ́kọ́. Ẹ ya á láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, kí gbogbo wáyà hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ gé téèpù kéékèèké, ẹ kọ 1, 2, 3 sí i, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí wáyà kọ̀ọ̀kan àti ibi tí ó ti jáde. Orí rẹ̀ ni kí ẹ dì mú láti fà á, kì í ṣe wáyà. Orí kọ̀ọ̀kan ní eyín tí a ó kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹni tí ó bá fi agbára fà á yóò ṣẹ́ eyín náà, orí náà yóò sì máa já bọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń gbọ̀n. Ẹ fọwọ́ kan ara irin ẹ̀rọ kí ẹ tó mú bọ́ọ̀dù tuntun, etí rẹ̀ ni kí ẹ sì dì mú. Ohun yòókù kò le: bí a ti tú u ni a ó ṣe dì í.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì fi iná sí i. Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù lẹ́yìn ọ̀rọ̀ nútírà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pọ́ǹpù, tàbí fáàfù omi, tàbí mọ́tọ̀, tàbí irin ìgbómigbóná ni omi ti wọ̀ tí ó sì ti kan ara wọn nínú, tí òun sì jẹ́ ohun tí ó jó bọ́ọ̀dù àtijọ́. Bí a bá gbé bọ́ọ̀dù tuntun lé e lórí, yóò jó òun náà ní ìṣẹ́jú kan. Kí oníṣẹ́ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí wáyà wọn ṣì wà lóde, kí ó sì wò ó bóyá ọ̀kankan ń jo iná sí ara irin ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni. Oníṣẹ́ tí ó bá ní kò pọn dandan, ẹ sọ fún un pé kí ó kọ ọ́ sínú ìwé pé bí bọ́ọ̀dù bá tún jó, òun ni yóò san án. Ẹ óò rí i pé mítà yóò jáde nínú àpò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ má kó aṣọ sí i. Ẹ yan èyí tí ó kúrú jù, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí yóò ti lè pa iná kíá. Bí fíúsì bá já, ẹ má fi òmíràn dán an wò, ẹ padà lọ wọn.

Ní ti iná fúnra rẹ̀, a ṣì ń pè é ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti yí padà láti ọdún 2005, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ti gba iṣẹ́ pínpín iná láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013. Ọ́fíìsì wọn tí ó sún mọ́ yín ni kí ẹ lọ bí gílóòbù bá ń jó ní ilé tí ó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ kọ iye tí mítà kà àti àkókò tí ó kà á, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Ti òpó ìyá yìí gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó wá so ó. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti fẹ́ gun òpó náà fúnra wọn ní ọ̀sẹ̀ kejì. A bẹ̀ wọ́n, a sì ń bẹ ẹ̀yin náà: kò sí ẹ̀rọ tí ó tó ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lára iná nígbà tí ẹ bá ń ta á tàbí nígbà tí epo rẹ̀ bá fẹ́ tán. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" kò lè gbé irin ìgbómigbóná inú ẹ̀rọ onílẹ̀kùn iwájú, èyí tí ó sábà máa ń jẹ iná bí 2,000 wáàtì. Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀, bí ó bá lè gbé àgbá nìkan. Sítébíláísà dára, ṣùgbọ́n ẹ ra èyí tí ó máa ń gé iná bí ó bá pọ̀ jù, kì í ṣe èyí tí ó kàn ń dún. Kí wọ́n sì ri irin ẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ nínú ilé yín, kí wáyà rẹ̀ dé ara ihò iná kọ̀ọ̀kan. Lórí èyí, a kò ní gba àwíjàre.

Bí ọmọ yín tí ó wà ní Amẹ́ríkà bá ní òun fẹ́ fi ẹ̀rọ ìfọṣọ ránṣẹ́, ẹ dúpẹ́, ẹ súre fún un, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́. Iná ilé wọn níbẹ̀ jẹ́ 120, tiwa jẹ́ 230. Ọjọ́ tí ẹ bá kì í bọ ara ògiri níhìn-ín ni bọ́ọ̀dù rẹ̀ yóò jó. Ti Ìlú Ọba bá tiwa mu ní ti iná, orí wáyà wọn pàápàá ọ̀kan náà ni.

Èrò tiwa, bí ẹ bá bi wá, ni pé ẹni tí kò tíì rà kí ó ra èyí tí ó ní ihò méjì lókè, ọ̀kan fún fífọ̀, ọ̀kan fún fífún. Aago tí a ń fi ọwọ́ yí ni ó wà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò sí bọ́ọ̀dù tí yóò jó. A lè fi korobá bu omi sí i, kò bèèrè táǹkì gíga. Kò lẹ́wà tó ti ẹlẹ́nu iwájú, a mọ̀, àwọn ọmọ yín yóò sì ní ti ayé àtijọ́ ni.

Ẹ̀rọ ìyá ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ìkórè tí ó kọjá. Bàbá lẹ ohun roboto tuntun mọ́ bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ó dìde. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀gúsí rà kò ṣeé tún ṣe. Irin ẹ́ẹ̀tì ni a kọ́kọ́ rì kí Bàbá tó gbà kí a tan án.

Mítà kan ti wà ní ọ́fíìsì wa báyìí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ó rà á. Ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn ọjà, Bàbá yóò wà níbẹ̀ láti agogo mẹ́rin di mẹ́fà, yóò sì bá ẹnikẹ́ni dé ilé láti wọn iná rẹ̀. Kì í gba owó. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ fún un ní iṣu. Ilé márùn-ún tí a mẹ́nu bà, tí a ń gbé àgbàdo lé ẹ̀rọ wọn, ni a ó kọ́kọ́ lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé àwọn àpò náà kúrò kí a tó dé.